Búùṣì Inú Ẹ̀rọ Àgbọn

Àdín àgbọn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe lẹ́yìnkùlé wa ní Àgbádárìgì, ẹ̀rọ tó fi ń rin àgbọn sì ti dàgbà ju ọmọ rẹ̀ kẹta lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń dà á láàmú lára ẹ̀rọ náà: búùṣì idẹ kékeré tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀. Bí búùṣì bá ti jẹ, ọ̀pá á máa mì, eyín rẹ̀ á máa gbá irin, ariwo á gba àdúgbò kan. Lọ́dún kan péré, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun ra tuntun. Èyí tí wọ́n rà kẹ́yìn kò lo oṣù kan. Ó sọ ọ́ sórí tábìlì mi lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Tíṣà, ọgbọ̀n ọdún lo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì. Ṣé físíìsì yẹn ò lè ṣe nǹkan tí ò tó àkàrà yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n wò ó." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni nígbà náà. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀ ló ń dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Kóróbá irin kan ni mo sọ di iléèru. Mo po amọ̀ mọ́ eérú, mo fi rẹ́ inú rẹ̀ títí ó fi nípọn tó ìka mẹ́rin, mo sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹwìrì ni àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń fínná. Ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun ni èmi kọ́kọ́ kì bọ ihò náà, títí iná ọba fi lọ lọ́jọ́ kan tí idẹ kù díẹ̀ kó yọ́ tán, tí gbogbo rẹ̀ tún dì mọ́ inú ìkòkò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti so fáànù mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́, àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń yí i. Èédú kò wọ́n wa. Igbá àgbọn kún ẹ̀yìnkùlé aládìn, èédú rẹ̀ sì le, eérú rẹ̀ kéré, ó gbóná ju èyí tí mo rà lọ́jà lọ.

Orí ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́ ni mo yọ́, pẹ̀lú àgádágodo mẹ́rin tí kọ́kọ́rọ́ wọn ti sọnù. Bàbà àti síńkì ló para pọ̀ di idẹ, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Bàbà nìkan kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Síńkì tó bá dá wà ti ń hó ní 907. Bí idẹ bá ti yọ́ tán, tí o bá tún ń fínná sí i, síńkì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, nígbà tí ahọ́n iná aláwọ̀ ewé yọ lórí ìkòkò, tí èéfín funfun bí òwú ń rú, inú mi dùn ni, mo rò pé iṣẹ́ ń lọ. Lóru, òtútù gbá mi mú, eyín mi ń gbá ara wọn, ẹnu mi dà bíi pé mo lá kọ́bọ̀ àtijọ́. Ìyàwó mi ní ibà ni, mo sì lo oògùn ibà. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ara mi ti yá bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀fọn kọ́, èéfín síńkì ni. Ní báyìí, mo máa ń da ìgò tí mo fọ́ wẹ́wẹ́ sórí idẹ, á yọ́, á bò ó bí epo ṣe ń bo ọbẹ̀, èmi náà á sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá.

Ṣùgbọ́n iná kọ́ ló nira jù níbí. Omi ni.

Iyanrìn wa ní etí òkun funfun, ó mọ́, kò sì wúlò fún iṣẹ́ yìí, torí kò ní amọ̀ tí yóò dì í mú. Mo bù lára òkìtì ọ̀gán, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ, mo po ìwọ̀n kan rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n mẹ́wàá iyanrìn tí mo ti fi omi kànga fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Tó o bá fún un lọ́wọ́, kó dì. Tó o bá ṣẹ́ ẹ, kó dá sí méjì láìtú. Igi ni mo fi gbẹ́ àwòkọ́ búùṣì náà, mo jẹ́ kó fi díẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ, nítorí idẹ máa ń sún kì bó bá ń tutù. Ohun tó bá jẹ́ 60 mílímítà, mo gbẹ́ ẹ ní 61. Iyanrìn tí mo fi sítáàṣì pò, tí mo yan, ló dúró sí àárín kí ihò ọ̀pá lè wà. Ó dára lójú.

Bí mo ṣe da idẹ sí i, ó pọ̀ ọ́ padà. Ìró kan dún, idẹ fò jáde, ó jó bàtà mi mọ́lẹ̀. Ọ̀sà níwájú wa, òkun lẹ́yìn ọ̀sà, oṣù kẹfà nìyẹn: mo rò pé iyanrìn mi gbẹ, ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀. Omi tó bá di ooru lójijì a máa gba àyè tó ju ìlọ́po 1,600 lọ. Búùṣì tí mo hú jáde jẹ́ ihò ihò bí afárá oyin. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sókè sójú oòrùn, ó wo ihò rẹ̀ já, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn dùn mí ju bàtà lọ.

Inú ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń bínú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa àwọn tó ṣe é ṣáájú wa. Ní Ifẹ̀, ìbòjú Ọbalùfọ̀n, ọba ibẹ̀ láyé àtijọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, bàbà pọ́ńbélé sì le í dà ju idẹ lọ: ó ń fẹ́ ooru púpọ̀ sí i, ó máa ń fa atẹ́gùn mọ́ra, kì í fẹ́ ṣàn dé kọ̀rọ̀. Ní Àbọ̀mé, tí èèyàn ń kọjá ààlà Sẹ̀mẹ̀ kó tó dé, ìdílé Hountondji ló ń dá idẹ fún ọba Dàhòmì. Kò sí ẹni tó fún wọn ní òṣùwọ̀n ooru. Àwọ̀ iná ni wọ́n ń wò, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró.

Idẹ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí atẹ́gùn bá dákẹ́, a máa ń gbọ́ òkun láti ẹ̀yìnkùlé wa, òdìkejì ọ̀sà sì ni Gbẹ̀rẹ̀fù, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Níhìn-ín, owó ẹyọ, tábà àti ọtí ló wọ́pọ̀ nínú òwò náà. Ní ìhà Bìní, ẹgba idẹ ni, tí àwọn òyìnbó ń pè ní manilla. Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ẹgba méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń ra èèyàn kan. Àwọn ẹgba yẹn ni àwọn oníṣẹ́ Bìní ń yọ́. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ yẹ ẹgba tí wọ́n hú nínú ọkọ̀ tó rì wò, wọ́n sì rí i pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n ti wá, irú rẹ̀ náà ló sì wà nínú àwọn orí idẹ Bìní. Òjé díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló tú àṣírí. Síńkì lè sá lọ nínú iná. Òjé á dúró, á sì máa jẹ́rìí. Mo wo àgádágodo mi, mo bi ara mi léèrè ohun tí wọ́n ti jẹ́ rí.

Ọyẹ́ ni mo dúró dè. Nígbà tó dé, tí ètè gbogbo wa là, mo tò àpótí iyanrìn sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin, mo fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ gún ihò tín-ín-rín yí i ká kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà jáde, mo sì yan án lórí èédú títí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí idẹ wọlé jẹ́jẹ́ bí ògì. Oníleéètì tó bá mi fá inú rẹ̀ bi mí níbi tí mo ti rà á.

Ẹ̀gbọ́n mi rin ogún àgbọn, ó tẹ́tí sí ẹ̀rọ náà. "Ariwo ẹ̀ ti dín." Ó tún kó òmíràn sí i.

Mo wọlé lọ wá búùṣì àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ ihò ihò, mo fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri. N ò rí i. Mo pe ọmọ tó ń yí fáànù.

"Bàbá, ṣebí ẹ ní idẹ inú ìkòkò ò tó lọ́jọ́ yẹn ni? Mo ti jù ú sí i."

Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ tó ń yí.