Àpò Ghana-Must-Go Nínú Kíláàsì

'Jíjẹ́ ọmọ ìlú àgbáyé' ni àkọlé ẹ̀kọ́ náà nínú ìwé iṣẹ́ mi. Ó wuyì lójú ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ Aisegba-Èkìtì tí kò tíì kọjá Adó rí á bi yín pé níbo gan-an ni àgbáyé wà. Mo fi àwòrán ilẹ̀ ayé sílẹ̀, mo gbé àpò Ghana-Must-Go wá sí kíláàsì. Ta ló mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Yorùbá pọ̀ nínú wọn: oníṣòwò, olóko kòkó, àti àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Inú bí àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan ní ìkà ni àwọn ará Ghana.

Mo ní kó fara balẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí owó epo ti wálẹ̀, ìjọba Shehu Shagari náà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé. Ọjọ́ 14 náà ló fún wọn. Ará Ghana ló pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ. Irú àpò yìí ni ọ̀pọ̀ di ẹrù sí. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn òbí wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà lára wọn.

Kíláàsì pa rọ́rọ́.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti Togo wá ṣe àgbàṣe nínú oko kòkó. 'Àjòjì' ni wọ́n ń pè é bí ìjà bọ́ọ̀lù bá dé, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́ èdè Èkìtì ju ọmọ olùkọ́ lọ (ọmọ tèmi ni mò ń wí). Ó nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n lè lé àwa náà?"

N kò fẹ́ fi irọ́ tù ú nínú. Mo ní láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti wà, pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà fún ọjọ́ 90. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà ti wà nílẹ̀ ní 1983.

"Ta wá ni yóò dá wọn dúró?" Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ yẹn ló béèrè.

Mo ní kí kálukú lọ kọ ohun tó máa ṣe láàárín ọjọ́ 14 náà, bó bá jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń lé. Ọ̀kan kọ ọ́ pé òun á bá wọn tọ́jú ewúrẹ́ wọn, òun kò sì ní pa á jẹ títí wọ́n á fi dé. Òun ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù.