Gígun Kẹ̀kẹ́ Nínú Ọyẹ́ Lọ́nà Ararọ̀mí-Òwu

Ẹni tí kò bá tí ì gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ararọ̀mí-Òwu lọ sí Àpòmù nínú ọyẹ́, kò tí ì mọ ohun tí eruku ń jẹ́. Ètè a sán, ojú a máa ṣomi, kùrukùru a sì bo ọ̀nà bí ẹni pé ilẹ̀ kò tí ì mọ́.

Àsìkò ọyẹ́ náà ni, ní oṣù January 2012. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún gan-an ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù (ẹ̀bùn ọdún tuntun nìyẹn!), lítà kan tí à ń rà ní náírà 65 di náírà 141. Ní ọjọ́ 9, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Olùkọ́ lè ti ilé-ìwé kí ó jókòó. Alájàpá ńkọ́? Ata àti tòmátì kì í dúró de ìpàdé Àbújá.

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ nìkan ni kò bèèrè iye epo. Ṣùgbọ́n kí ó di ẹrù mọ́ kárià dáadáa, kí ó fi òróró sí ṣéènì, kí ó fi òrí pa ètè, kí ó sì faṣọ bo imú. Bí ó bá dé Ìkirè, kí ó ra dòdò wọn jẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kẹ̀ẹ̀ ni, pẹ̀lú ata. Lójú tèmi, kò sí ohun tí ń fún ẹsẹ̀ lókun jù ú lọ.

Ọjọ́ 16 ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí, tí epo wálẹ̀ sí náírà 97. Ní May 2023, ìjọba tún yọ owó ìrànwọ́ náà. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí ẹ gbé ti ẹ̀yìn ilé: ṣé taya rẹ̀ ṣì ń gba afẹ́fẹ́?