Bó Pẹ́ Bó Yá, Akólòlò Yóò Pe Baba

Olùkàwé mi, nígbà tí mo wà ní ọmọdé, kò sí àlejò tí a kórìíra ní agbo ilé wa tó wolé-wolé. Bí a bá ti fojú kan án ní ìgboro, àwa ọmọdé a sáré wá ròyìn nílé, ìyá mi àgbà a sì ní kí a gbé àmù omi pamọ́ sí yàrá lọ́hùn-ún. Bí wolé-wolé bá bá tanwíjí nínú àmù, dídà ni yóò da omi náà nù, omi tí a rìn jìnnà lọ pọn! Bí ó bá ti kẹ́yìn sí wa, a ó máa yọ ṣùtì sí i, a ó máa bi ara wa pé kí ni ó kan tanwíjí kan àìsàn ọmọ ènìyàn. N kò mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ńláńlá ti rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi, àti pé ẹ̀mí púpọ̀ bá a lọ. Ìtàn oníṣègùn tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Carlos Juan Finlay ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1833 ni a bí i ní erékùṣù Kúbà, níbi tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lọ ṣe ẹrú ní ayé àtijọ́. Àìsàn kan tí ó ṣe é ní èwe sọ ọ́ di akólòlò, ìkólòlò náà kò sì tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá mọ́. Síbẹ̀ ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 1855, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Havana, olú-ìlú Kúbà.

Ibà pọ́njú ni ẹ̀rù ìlú náà nígbà náà. Ara ẹni tí ó bá mú a gbóná, ojú rẹ̀ a pọ́n bí ẹni pé a fi epo pa á. Bí ó bá sì le, aláìsàn a máa bì dúdú títí yóò fi kú. Ní 1878 ibà yìí dé ẹ̀bá odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, ó sì pa nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Nǹkan bí 5,000 nínú wọn jẹ́ ará ìlú Memphis nìkan. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ búburú ni ó ń fà á, àwọn kan ní aṣọ àti ibùsùn aláìsàn ni. Wọ́n sun aṣọ títí, ibà kò dẹ́kun.

Finlay pàápàá ti ṣìnà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi gbàgbọ́ pé ohun kan tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ Havana ni ó ń fa ibà náà, ó sì kọ̀wé lé e lórí. Ṣùgbọ́n ní 1879 ìgbìmọ̀ kan ti Amẹ́ríkà wá sí Havana, a sì ní kí Finlay bá wọn ṣiṣẹ́. Nínú àyẹ̀wò wọn ni ó ti rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà ń bà jẹ́. Ó wá bi ara rẹ̀ pé: kí ni ó lè gún iṣan aláìsàn, kí ó mú àrùn níbẹ̀, kí ó sì lọ gún ẹlòmíràn? Báyìí ni ó ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé tí ó ti ń kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ó lè bá irọ́ ẹlòmíràn jà pọ̀. Ẹni tí ó lè jẹ́wọ́ àṣìṣe ara rẹ̀ kò pọ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1881, Finlay dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Havana, ó ní ẹ̀fọn inú ilé, èyí tí ń yé sínú omi àmù, ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ wọ́n létí. Yẹ̀yẹ́ ni ó kù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọkùnrin Ẹ̀fọn. Bí ogún ọdún ni ó fi wà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe purọ́ mọ́ àwọn ẹlẹ́gàn náà: ẹ̀rí Finlay kò tíì pé. A máa jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan a sì jẹ́ kí ó jẹ ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí ó gbà fún un. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ń ṣàìsàn. Òun kò mọ̀ pé àrùn náà ní láti pẹ́ tó bí ọjọ́ méjìlá nínú ẹ̀fọn kí ó tó lè ran ẹlòmíràn. Ẹ̀rí rẹ̀ pẹ̀lú ń kólòlò. Àwọn tí ó ṣiyèméjì kò ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì dán an wò.

Ní 1900, ibà ń pa àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tí ó wà ní Kúbà. Ìgbìmọ̀ kan tí Walter Reed jẹ́ olórí fún wá tọ Finlay lọ. Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, bí a bá ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, kí ni ìwọ ì bá ṣe? Finlay gbé ẹyin ẹ̀fọn rẹ̀ fún wọn. Jesse Lazear, ọ̀kan nínú wọn, pa ẹyin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Kò pẹ́ tí ẹ̀fọn fi jẹ òun náà. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, ọmọ ọdún 34. Lẹ́yìn náà Reed ní kí àwọn kan sùn lórí ibùsùn ẹlẹ́gbin tí àwọn aláìsàn ti lò: nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Àwọn tí ẹ̀fọn jẹ ni ibà mú. Ní 1901 William Gorgas rán àwọn ènìyàn kiri ilé dé ilé ní Havana, wọ́n ń bo ìkòkò omi, wọ́n ń da epo àtùpà sí omi tí kò ṣàn. Kò pé ọdún kan tí ibà tí ó ti jọba níbẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Kí ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyẹn, bí kò ṣe iṣẹ́ wolé-wolé?

A fi Finlay ṣe olórí ìlera Kúbà ní 1902, ó sì kú ní 1915. A dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel nígbà méje, kò gbà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bí i, ọjọ́ 3 oṣù kejìlá, ni Kúbà fi ń ṣe ọjọ́ àwọn oníṣègùn títí di òní.

Àwọn baba wa ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Òwe yìí ń tu akólòlò nínú, ṣùgbọ́n ó ń bá àwa tí ń gbọ́ wí. Ogún ọdún tí akólòlò fi ń wá ọ̀rọ̀ náà, ta ni ó ń kú? Nítorí náà, olùkàwé mi, nígbà tí ẹnì kan bá sọ ohun tí ó ṣàjèjì sí ọ, má ṣe wo ẹnu rẹ̀; dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ìyá mi àgbà ti lọ, àmù rẹ̀ ti fọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí agolo tí òjò rọ omi sí lẹ́yìn ilé, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ da omi náà nù, mo sì máa ń tọrọ àforíjì nínú ọkàn mi lọ́wọ́ wolé-wolé ọjọ́sí.