Lake Geneva: Ìlú Tí Òfin Ilé Ti Di Ìwé

Bí èèyàn bá wa mọ́tò kúrò ní Chicago, kò ní pé wákàtí méjì kó tó dé Lake Geneva, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Adágún omi ló sọ ìlú náà di mímọ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ará Chicago á ya bo etí omi, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á máa wo àwọn ilé ràgàjì tí àwọn olówó àtijọ́ kọ́ sí bèbè rẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan yí adágún náà ká, ó lé ní ọgbọ̀n kìlómítà. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń rìn ín díẹ̀, wọ́n á ra áísìkirimù, wọ́n á sì padà sílé láìmọ̀ pé ohun míì wà tí ìlú yìí fún aráyé.

Ohun náà kò jìnnà sí omi. Ojúlé 330, Òpópónà Center, jẹ́ ilé kan bí àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni Gary Gygax ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ adójútòfò tó ń ṣe ní Chicago bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1970, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún bàtà ṣe nílé kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Àmọ́ kò fi eré orí tábìlì sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀, Ernie àti Elise, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán eré tó wá di Dungeons & Dragons wò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe eré náà? Ẹnì kan ni olùdarí. Òun ló ń sọ ohun tó wà níwájú: ihò tó ṣókùnkùn, ilẹ̀kùn tó tì pa, òmìrán tó ń hanrun. Àwọn tó kù á fi ara wọn ṣe akọni, jagunjagun tàbí oníṣẹ́ idán, kálukú á sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Tí ọ̀rọ̀ bá di àìmọ̀, wọ́n á ta dáìsì, títí kan èyí tó ní ojú ogún. Ìwé òfin ló ń sọ ohun tí dáìsì túmọ̀ sí. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ilé tí wọ́n ti ń ta lúdò ní Nàìjíríà mọ irú wàhálà yìí. Nílé kan, ẹni tó bá pa ọmọ lúdò ẹlòmíì á gbé tirẹ̀ wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nílé kejì, irọ́ ni. Àlejò tí kò béèrè kó tó jókòó á jà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Dungeons & Dragons gan-an, òfin ilé ló bí i. Lọ́dún 1971, Gygax àti Jeff Perren gbé ìwé eré ogun kan jáde tó ń jẹ́ Chainmail. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Arneson lò ó, ó tún un ṣe, ó yí i po, títí ó fi di nǹkan míì. Ní ìparí ọdún 1972, ó wakọ̀ wá sí Lake Geneva, ó sì darí eré náà fún Gygax àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1974, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta jáde nínú páálí kan, ẹ̀dà 1,000 péré. Ìwé náà fúnra rẹ̀ rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi òye ara wọn dí àlàfo tó bá wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ohùn yẹn yí padà. Láàárín ọdún 1977 sí 1979, Gygax kọ ìwé ńláńlá mẹ́ta, ó sì fẹ́ kí gbogbo tábìlì máa lo òfin kan náà, kí ìdíje lè ṣeé ṣe láti ìlú dé ìlú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, àmọ́ ó pani lẹ́rìn-ín: òun náà jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun kì í lo gbogbo òfin inú ìwé òun. Arneson ní tiẹ̀ gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 1979 nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà kejì fi máa jáde lọ́dún 1989, Gygax ti kúrò nílé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀. Wọ́n ta ilé iṣẹ́ ọ̀hún lọ́dún 1997, òfin tuntun sì tún jáde lọ́dún 2000, 2008, 2014 àti 2024.

Kí ni ìdílé tó ti ń bá eré náà bọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún máa ṣe sí gbogbo ìyẹn? Ẹ wo ọ̀rọ̀ góòlù. Nínú àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́, góòlù tí wọ́n bá kó jáde nínú ihò ló ń mú akọni tẹ̀ síwájú jù: owó góòlù kan, máàkì ìrírí kan. Iwin tí wọ́n bá pa kì í mú tó bẹ́ẹ̀ wá. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n kì í wá ìjà. Ó lè fi ẹran tan ajá ìṣọ́, ó lè bá òmìrán dúnàá-dúrà, ó lè gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀dà 1989 ní kí ẹni tó bá wù máa lo òfin náà; ti ọdún 2000 yọ ọ́ kúrò, ìjà ló sì wá ń mú máàkì wá jù. Ọmọ tó fi ìwé tuntun kọ́ eré yìí á ti fa idà yọ kí olùdarí tó sọ̀rọ̀ tán. Bàbá rẹ̀ á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ná. Kò sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú wọn. Ìwé tí kálukú kà ló yàtọ̀.

Nígbà míì, tábìlì ló ń kọ́ ìwé lọ́gbọ́n. Nínú ẹ̀dà 2014, akọni tó bá mu oògùn ìwòsàn lójú ìjà ti lo àǹfààní rẹ̀ tán nìyẹn, kò lè kọlu ọ̀tá mọ́ títí yóò fi tún kàn án. Èyí dun ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin ilé wọn pé ẹni tó mu oògùn ṣì lè jà. Ẹ̀dà 2024 wá gbà bẹ́ẹ̀.

Òbí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èṣù bá ń kọ lóminú náà ní ẹnu ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà pariwo ní àwọn ọdún 1980, ẹ̀dà 1989 yí orúkọ àwọn ẹ̀mí èṣù inú eré náà padà. Àwọn tábìlì kan dá wọn padà pẹ̀lú gègé. Àwọn míì lé wọn jáde pátápátá, wọ́n fi ẹranko búburú rọ́pò wọn, eré náà ò sì bà jẹ́.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí òfin ilé wọn kọjá ojú ìwé kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, nítorí tí ẹ̀dà tuntun bá dé, ìdí yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ìwé tuntun bá ti wo ohun tó ń dun wọ́n sàn, wọ́n á fa igi lé òfin náà. Bí kò bá tíì wò ó, á dúró. Òfin tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ìdí rẹ̀ mọ́ sábà máa ń jẹ́ ìjà kan tó ti parí tipẹ́. Èyí tó burú jù ni òfin tí olùdarí hùmọ̀ láàárín ìjà nítorí pé ó fẹ́ borí. Omijé ọmọdé ló máa ń gbẹ̀yìn irú ìyẹn.

Gygax kú ní Lake Geneva ní ọjọ́ 4, oṣù March, ọdún 2008. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ péjọ sí gbọ̀ngàn kan nínú ìlú, wọ́n kó dáìsì jáde, wọ́n ṣeré. Látinú ìyẹn ni àpéjọ tí wọ́n ń pè ní Gary Con ti yọ, tó ń wáyé níbẹ̀ ní oṣù March, nígbà tí omi adágún ṣì tutù bíi yìnyín. Tábìlì kan lè ṣí ìwé pẹlẹbẹ ọdún 1974, kí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí ti ọdún 2024. Kí dáìsì tó balẹ̀, àlejò á ti béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí òǹkà ẹ̀mí akọni òun bá dé òdo. Nídìí ìwé tuntun, akọni náà á dákú, á máa ta dáìsì lẹ́ẹ̀kan nígbàkigbà tó bá kàn án, títí wọ́n á fi mọ̀ bóyá yóò yè é. Nídìí ti 1974, ó ti kú nìyẹn. Wọ́n á na bébà tuntun sí ẹni tó ni ín, pẹ̀lú pẹ́ńsù, kó tètè kọ akọni míì.