Inú Òrùka Ni Kí Ẹ Wò

Bí ẹnikẹ́ni bá na òrùka ìgbéyàwó sí mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe dáyámọ́ńdì orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mo máa ń yí i, màá fi awò sójú, màá wo inú rẹ̀ níbi tó ti ń fara kan awọ ìka. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ máa ń wà: lẹ́tà orúkọ ẹni tó kó o wá fún ìdánwò, nọ́ńbà tó sọ bí wúrà rẹ̀ ṣe mọ́ tó, àti àmì ìlú tí wọ́n ti dán an wò. Tó bá jẹ́ Birmingham níbí, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdákọ̀ró ni àmì náà. Wọ́n kéré débi pé ẹni tó ti ń wọ òrùka náà láti ọjọ́ ìgbéyàwó lè má mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ni ìtàn iṣẹ́ wa. Dáyámọ́ńdì ni gbogbo ayé ń kí, ṣùgbọ́n àlejò ni nínú iṣẹ́ yìí. Wúrà ló nilé.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́, kí n tó dé ìlú yìí. Ọ̀gá mi kò ní ẹ̀rọ kankan tó lè sọ bí góòlù ṣe mọ́ tó. Òkúta dúdú kan ló ní, àti ìgò ásíìdì. Yóò fi góòlù tí oníbàárà mú wá ha ara òkúta náà títí ìlà yóò fi hàn, yóò fi góòlù tó ti dá lójú ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì kán ásíìdì lé méjèèjì. Bí ìlà ti oníbàárà bá ṣá, tí èkejì sì dúró, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbà á gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kó góòlù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ mìíràn, ìyẹn náà á sì sọ tẹnu ara rẹ̀.

Ohun tí mo bá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé wọ́n ti gba ẹ̀rí yẹn lẹ́nu alágbẹ̀dẹ tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1300, lábẹ́ Ọba Edward Kìíní, òfin dé pé fàdákà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ dán an wò, kí wọ́n sì lu orí ẹkùn sí i lára. Ní 1478, ó di dandan kí àwọn alágbẹ̀dẹ Lọ́ńdọ̀nù máa gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Goldsmiths' Hall, ilé ẹgbẹ́ náà, fúnra wọn fún ìdánwò. Birmingham kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Matthew Boulton, tó ń ṣe ohun èlò fàdákà níbí, ní láti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Chester fún òǹtẹ̀. Àwọn kan á bàjẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn á sì bọ́ sójú àwọn tó fẹ́ jí àrà rẹ̀ dá. Òun àti àwọn ará Sheffield gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìlú méjèèjì sì gba àṣẹ ilé ìdánwò tiwọn ní 1773. Wọ́n máa ń sọ pé ilé-ọtí Crown and Anchor tí wọ́n ti ń pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ni Birmingham ti mú ìdákọ̀ró rẹ̀. Fàdákà nìkan ni wọ́n ń lù nígbà náà. Ó di 1824 kí wọ́n tó gba àṣẹ láti máa dán wúrà wò.

Wúrà tó mọ́ gaara, káráàtì 24, rọ̀ jù fún ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pò ó. Káráàtì 22 jẹ́ ìpín 916 wúrà nínú 1000, 18 jẹ́ 750, 9 sì jẹ́ 375. Òfin ọdún 1854 ló kọ́kọ́ fàyè gba 9, pẹ̀lú 12 àti 15. Ní 1932 wọ́n fi 14 rọ́pò àwọn méjì yẹn. Nígbà ogun Hitler, láti 1942, ìjọba fi dandan lé e pé káráàtì 9 ni kí òrùka ìgbéyàwó tuntun jẹ́, kó má sì wúwo. Mo ti tún irú rẹ̀ ṣe rí. Ó tín-ín-rín, ó fúyẹ́, òǹtẹ̀ inú rẹ̀ sì pé láìkù síbì kan, nígbà tí bọ́ǹbù ń dún!

Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ gbọ́ nípa káráàtì 9 rárá. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ń wá òrùka fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà, èyí tí dáyámọ́ńdì wẹ́wẹ́ yí ká.

"Ọmọ mi, 22 ni mo fẹ́. Èyí tó wà lọ́rùn mi yìí, 22 ni. Ìyá mi ló fún mi."

"Ẹ ṣeun, Mà. Bó bá jẹ́ òrùka tí kò ní òkúta, 22 dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n góòlù tó bá rọ̀ báyẹn, bó bá pẹ́, á jẹ́ kí òkúta máa já bọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe 18."

"Ta ló máa fi dá mi lójú pé 18 lo fún wa?"

"Kì í ṣe èmi, Mà. Assay Office, ilé ìdánwò, ni. Bí kò bá pé 750, wọn ò ní lu 750 sí i."

Ó ní òun á padà wá wò ó. Ó sì padà wá, ó gba awò lọ́wọ́ mi, ó wò ó fúnra rẹ̀ kí ó tó sanwó. Ó wù mí kí gbogbo oníbàárà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Òrùka tí kò ní òkúta ló le jù láti ṣe, nítorí kò sí ibi tí àṣìṣe lè sá sí. A ó wọn wúrà, fàdákà àti bàbà, a ó da bóráàsì lé e, a ó sì yọ́ ọ. Iná gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn tí a bá dà á sójú irin, a ó máa fi ẹ̀rọ yí i kó lè nà. Bó ṣe ń nà ló ń le, bí o bá sì fi agídí tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ á la. A ní láti dá a padà sínú iná títí á fi pọ́n, ká tún máa nà á lọ. Nígbà tí a bá ká a, tí ẹnu méjèèjì pàdé, ohun tí a fi jó wọn pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 18 náà, nítorí pé wọn yóò dán ojú ibẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀pá irin àti òòlù: o ń lù ú, o ń yí i, o ń tẹ́tí sí i. Bí ojú ibi tí a jó kò bá mú, dídún rẹ̀ máa ń yàtọ̀.

Awọ ẹran wà lábẹ́ tábìlì wa, níbi tí wọ́n gé bí ìlàjì òṣùpá, kó lè gba ẹ̀rúnrún wúrà. Ilẹ̀ tí a gbá, a kì í dà á nù. Omi tí a fi fọwọ́, a máa ń jẹ́ kó silẹ̀ kí a tó dà á. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ wúrà padà.

Dáyámọ́ńdì wá dé. Íńdíà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù lọ fún ayé, títí di àwọn ọdún 1720 tí wọ́n rí i ní Minas Gerais ní Bùràsíìlì. Ẹrú ni wọ́n fi ń wà á nínú odò. Lára wọn ni àwọn tí wọ́n kó láti etíkun wa, gba Ouidah kọjá, tí àwọn Pọtogí ń pè ní Mina, tí wọ́n sì ń wá kiri nítorí wọ́n gbà pé wọ́n mọ iṣẹ́ wúrà wíwà. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ wa láìdárúkọ wọn kò tíì sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn náà ni ti Gúúsù Áfíríkà: wọ́n rí i ní Kimberley ní 1871, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ De Beers sílẹ̀ ní 1888. Òkúta wá pọ̀ débi pé àfi bí wọ́n bá dí ọ̀nà rẹ̀ kí owó rẹ̀ má baà já. Ní 1938 De Beers gba àwọn apolówó ọjà ní Amẹ́ríkà. Ní 1947 obìnrin kan lára wọn, Frances Gerety, kọ gbólóhùn tó so dáyámọ́ńdì mọ́ títí láé. Àwọn ọlọ́lá ti ń wọ̀ ọ́ tipẹ́, àmọ́ pé kí òṣìṣẹ́ máa ṣe wàhálà nítorí rẹ̀ kó tó gbéyàwó, ti ìgbà yẹn ló gbilẹ̀. N kò kórìíra òkúta náà. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú tí góòlù bá tẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ irin mi, tí kò lè mì mọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń fẹ́ èyí tí òkúta yí ká pátápátá ni pé kò ṣeé fẹ̀, kò ṣeé dín. Ìka máa ń wú. Ẹ jẹ́ kó yí ká ààbọ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, obìnrin kan mú òrùka wá tí ó rà nígbà tó rìnrìn àjò. Nọ́ńbà 750 wà nínú rẹ̀, kò sì sí àmì ilé ìdánwò kankan. Ẹni tó tà á ló lù ú fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo dán an wò, kò tilẹ̀ tó káráàtì 9. Ó bẹ̀ mí pé ṣé kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Mo lè yọ́ ọ, mo lè sanwó ìwọ̀nba wúrà tó wà nínú rẹ̀. N kò lè sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe.

Láti 2021 ni iléeṣẹ́ ńlá ti ń wa wúrà jáde ní Sẹ̀gilọlá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn tó ń fi ọwọ́ wà á ní agbègbè Iléṣà sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Inú mi ń dùn, ó sì ń dùn mí, nítorí mo mọ iye ọ̀gá tó mọ ọwọ́ ní Èkó àti Ìbàdàn tí iṣẹ́ wọn kò ní ẹ̀rí mìíràn ju ẹnu wọn lọ. Mo fẹ́ kí ilé ìdánwò kan sún mọ́ wọn, tí ẹni tó wà níbẹ̀ kì í ta góòlù, tí àmì rẹ̀ yóò sì máa bá òrùka wọn dé ibikíbi. Kò ní kí a kọ́ ilé aláruru. Nígbà tí ti Birmingham bẹ̀rẹ̀ ní 1773, yàrá mẹ́ta ni wọ́n gbà nínú ilé-ọtí King's Head ní New Street, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ní, ọjọ́ Tuesday nìkan ni wọ́n sì ń ṣílẹ̀kùn.