Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Ilé fún Ìgbín

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-oṣù àwa olùkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà tó ọ̀rọ̀ í sọ. Ọ̀rọ̀ ìgbín ni. Púpọ̀ nínú yín mọ ìgbín nínú ọbẹ̀, ẹ̀yin ọlọ́jà sì mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ bí a ti í bá a gbé nínú ilé kò pọ̀. Olùkọ́ ni mí. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, Ìlobùú ni mo sì ń sùn. Ìlú méjèèjì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sin ìgbín ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo háyà. Kì í ṣe owó ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò òjò ọdún 2022, ejò bu ọmọ kíláàsì mi kan jẹ níbi tí ó ti ń ṣa ìgbín lóru. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó padà sí ilé-ìwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì tíì rí bí ti tẹ́lẹ̀ di òní. Nígbà tí mo bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè pé àwọn wo ni ó máa ń lọ ṣa ìgbín lóru, ọwọ́ tí ó nà sókè ju ogún lọ. Tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, àpò lọ́wọ́ kejì, sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Àwọn òbí mọ̀. Owó ìwé ni ìgbín jẹ́ fún àwọn mìíràn. Mo rò ó títí, mo ní bí a bá sọ fún ọmọ pé kí ó má lọ, a gbọ́dọ̀ fi ohun tí yóò ṣe dípò rẹ̀ hàn án.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìgbín jẹ́ àjèjì sí wa. Ìfọ́n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, òrìṣà aláṣọ funfun, gbogbo Yorùbá sì mọ̀ pé ìgbín ni oúnjẹ Òrìṣà-ńlá, nítorí pé omi ara rẹ̀ tutù, omi ẹ̀rọ̀ ni. Èmi kò sọ èyí láti pe ẹnikẹ́ni sí ẹ̀sìn kan. Mo sọ ọ́ kí a lè rántí pé àwọn baba wa ti mọ ohun tí ara ìgbín ń fẹ́, èyí ni ìtura. Ìgbín kì í ṣe adìẹ. Adìẹ ń fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Òjìji àti ọ̀rinrin ni ìgbín ń fẹ́. Ilé tí a bá kọ́ fún ẹ̀dá kan gbọ́dọ̀ jọ ibi tí ó ti wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n ni a kọ́ fún un.

ÀPÓTÍ ÀTI ILẸ̀

Àpótí tí káfíńtà kàn fún mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó fẹ̀ ní 2, ó sì ga ní 2. A lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà dúró, nítorí ọ̀rinrin yàtọ̀ sí ẹrọ̀fọ̀. Ìdérí rẹ̀ jẹ́ férémù igi tí a kan nẹ́ẹ̀tì mọ́, òkúta sì wà lórí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìgbín kì í tẹnu mọ́ igi kí ó má gùn ún; bí ìdérí bá ṣí díẹ̀ lálẹ́, ọgbà aládùúgbò ni ẹ óò ti bá a lówùúrọ̀. Ẹni tí kò bá lówó àpótí lè to ògbólógbòó táyà ọkọ̀ mẹ́ta lé ara wọn, kí ó kó ilẹ̀ sí i, kí ó sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó lókè. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo gbé tèmi sí.

Ilẹ̀dú ni ó dára jù. Amọ̀ máa ń le bí ó bá gbẹ, yanrìn kì í sì í mú omi dúró. Kí a kọ́kọ́ yan ilẹ̀ náà lórí iná kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a wá bù ú sínú àpótí ní ìwọ̀n ínṣì 8. Ó gbọ́dọ̀ jìn, nítorí inú ilẹ̀ ni ìgbín ń rì ara rẹ̀ sí bí ooru bá mú, inú rẹ̀ náà ni ó sì ń yé sí. Ewé gbígbẹ ni kí a fi bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé tí ìgbín kò rí omi, yóò fa ara rẹ̀ wọ inú ìkarahun, yóò fi awọ funfun kan dí ẹnu ọ̀nà, yóò sì sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n kò jẹun, kò dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò yé. Owó ẹni ni ó ń sùn yẹn.

Ẹ má há wọn mọ́ra. Nínú àyè mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, ìgbín ńlá 10 sí 15 ti tó. Ìgbín kọ̀ọ̀kan ni akọ, òun náà sì ni abo, síbẹ̀ ó ń fẹ́ ẹnìkejì. Ìgbín ńlá ilẹ̀ wa kì í yé púpọ̀, ẹyin bíi 5 sí 10 lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń tó nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n tó pa.

OÚNJẸ ÀTI Ọ̀TÁ

Ewé ìbẹ́pẹ, ewé kókò, ewé ànàmọ́, èso ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀: gbogbo ìwọ̀nyí ni ìgbín ń jẹ. Iyọ̀ ni májèlé rẹ̀; ẹ má ṣe da ìyókù oúnjẹ inú àwo sí i. Ewé tí wọ́n bá ti fín lóògùn kòkòrò náà lè pa gbogbo wọn.

Ẹni tí ń kọ́lé ń ra sìmẹ́ńtì. Ìgbín náà ń kọ́ ìkarahun rẹ̀ bí ó ti ń dàgbà, ohun tí ó wà lára èèpo ẹyin ni sìmẹ́ńtì tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń dín ẹyin tà ní ìkóríta ni mo ti ń gba èèpo. Màá fọ̀ ọ́, màá sá a, màá lọ̀ ọ́ kúnná. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní kí n máa fún wọn ní ẹfun ìkọ̀wé. Mo ní rárá, ọ̀pọ̀ ẹfun ìkọ̀wé òde òní kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èèpo ẹyin.

Ọ̀tá ìgbín ni ìjàlọ, eku àti alángbá. Mo ki ẹsẹ̀ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo tí omi àti ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò wà nínú rẹ̀. Ìjàlọ kò lè kọjá. Àwa náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Kòkòrò kan wà tí ń ti ara eku bọ́ sára ìgbín, tí ó lè ṣe ọpọlọ ènìyàn ní jàǹbá. Kí ọmọdé fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ bí ó bá ti fọwọ́ kan ìgbín, kí a sì sè é kí ó jinná dáadáa.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ìyá onílé mi, ẹni tí ń ta èlùbọ́, kò kọ́kọ́ fẹ́ rí àpótí náà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọjà mi máa wọ́ bí ìgbín o. Òórùn rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta péré. Bí ó bá rùn dé yàrá yín, màá gbé e kúrò." Oṣù mẹ́ta pé, kò rùn. Ìgbín kì í rùn. Oúnjẹ àná tí a kò kó kúrò ni ó ń rùn. Kò pẹ́ tí àwọn fúnra wọn fi ń gbé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá.

Ní ọdún 2025, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú wa, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Èmi kò ní dá ẹjọ́ ilẹ̀ níhìn-ín. Ìlú méjèèjì ni mo ti ń jẹun. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Ọjà tì, oko kò ṣeé lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá onílé kan ilẹ̀kùn mi. "Tíṣà, kò sí ẹran nílé o, àwọn ọmọ ń sunkún." Mo ní, "Mọ́mì, ẹ gbé ìkòkò kaná." Ìgbín mẹ́jọ ni a mú. Ìdílé mẹ́rin tí ó wà nínú ilé náà ni ó jẹ ẹ́. Ọmọ Ìfọ́n wà nínú wọn, ọmọ Ìlobùú wà nínú wọn. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ti bu ọbẹ̀.

Igbó tí àwọn ọmọ ti ń ṣa ìgbín lóru, itòsí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí ni. Ejò nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀ mọ́. Ohun tí a bá lè sìn ní ẹ̀yìnkùlé, kò yẹ kí ọmọdé torí rẹ̀ wọ irú igbó bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọmọ mọ́kànlá nínú àwọn tí mo kọ́ ni ó ní àpótí tàbí táyà tirẹ̀ nílé.

Ìkìlọ̀ kan ni ó kù. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọdé ń fi ìgbín Áfíríkà ṣe ohun ọ̀sìn nínú àpótí gíláàsì. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà á. Ní ọdún 1966, ọmọdé kan kó ìgbín mẹ́ta láti Hawaii wá sí Miami, ìyá rẹ̀ àgbà sì dà wọ́n sí ọgbà. Irú èyí tí ń yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin ni wọ́n. Títí di ọdún 1975 ni wọ́n ń pa wọ́n kí wọ́n tó tán, iye tí wọ́n pa sì lé ní 18,000. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ó wà lókè òkun, ẹ bèèrè òfin kí ẹ tó di ìgbín sínú ẹrù. Àwa tí a wà nílé, ẹ jẹ́ kí ìdérí àpótí wa máa bò dáadáa, kí ìgbín wa má baà di wàhálà fún ẹ̀fọ́ aládùúgbò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àpótí kan ní ẹ̀yìn ilé-ìwé tó láti fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti ìmọ̀ nípa ẹ̀dá. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, èèpo tí ẹ ń dà nù nírọ̀lẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kánjú o. Ó ń tó nǹkan bí ọdún kan kí ọmọ ìgbín tó di ẹni tí ń yé. Ire o.