Síkúrúù Tí Kò Dì

Irin tí mo fi sẹ́yìn Màmá kan tí mo tọ́jú ò ṣẹ́, wọn ò sì ṣubú. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ abẹ náà ni mo jẹ̀bi.

Eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn kan ló yọ̀ síwájú lórí èkejì, tó ń fún iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀ pa. Ní 1963 ni Raymond Roy-Camille fi síkúrúù gba ọrùn eegun ẹ̀yìn nílẹ̀ Faransé, àwa oníṣẹ́ abẹ sì ti wá gbójú lé e: fún Màmá, síkúrúù méjì sí eegun L4, méjì sí L5 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ká fi ọ̀pá irin dè wọ́n pọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é.

Mi ò ní kí wọ́n lọ yẹ eegun wọn wò. Bí àyẹ̀wò DEXA bá ti já sí -2.5 tàbí tó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, eegun ti joro nìyẹn. Àkọ́bí wọn ti ta mọ́tò kó tó rówó irin san, ni mo bá ṣàánú wọn níbi tí kò yẹ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, síkúrúù L5 lọ́wọ́ ọ̀tún wọlé wẹ́rẹ́. Bí eegun bá dára, apá á ro ẹni tó ń yí i. Èyí ń yí bí ìdérí ìgò tí kò dì mọ́. Mo tú u, mo sì dá a padà sínú ihò kan náà, èyí tó tún bà á jẹ́ sí i, nítorí ihò tí síkúrúù ti là kọjá kì í dì í mú bíi ti àkọ́kọ́. Mo wo X-ray: ó wà láàyè rẹ̀. Àmọ́ ibi tí irin wà ni X-ray ń fi hàn, kì í sọ bó ṣe dì tó. Mo lè lo èyí tó nípọn jù, mo lè fi sìmẹ́ńtì eegun sí i, mo lè na irin náà dé S1, eegun tó tẹ̀ lé L5 nísàlẹ̀, kí ẹrù lè pín. Sìmẹ́ńtì wà ní yàrá kejì. Kò sí nínú owó tí wọ́n san. Ó sì ti rẹ̀ mí. Mo rán ojú ọgbẹ́ pa.

Síkúrúù kì í sábà fà yọ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìgbà téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ tó dìde ló ń mì, tí ihò ń fẹ̀. Nígbà tí Màmá fi máa padà wá, òjìji dúdú ti yí síkúrúù náà ká nínú X-ray, eegun sì ti yọ̀ padà.

“Dókítà, ṣé ẹ ò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni?” Àkọ́bí wọn ló bi mí.

Mo ní mo mọ̀.

A tún un ṣe, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ṣì ń wọ́lẹ̀. Mi ò gba owó iṣẹ́ tèmi. Owó irin, àwọn náà ni wọ́n tún san án.